Ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró Lórí Búréèkì

Ní Òkè-Àgbàrá, ìlú tí ọ̀nà rẹ̀ dúró ṣánṣán bí àkàbà, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Ògúnmọ́dẹdé. Jíìpù kékeré kan ló ní, ọlọ́dún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Okùn ló fi so ilẹ̀kùn kan, abẹ́ ọkọ̀ náà sì ti dógùn-ún dé ibi tí kò yẹ kí ojú àlejò rí. Àwọn ará ìlú a máa fi í ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, tí ọkọ̀ àwọn olówó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ nínú ẹrẹ̀ bí ọ̀mùtí, jíìpù yìí nìkan ní ń gòkè. Nígbà náà ni ẹ̀sín a di "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wa."

Ògúnmọ́dẹdé kì í gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Òun ní ń tú u, òun ní ń tò ó. A máa yangàn pé: "Kò sí nọ́ọ̀tì kan lára ọkọ̀ yìí tí ọwọ́ ẹlòmíràn kàn rí."

Ọwọ́ ló wí o. Kò wí ẹsẹ̀. Nítorí bí ó bá fẹ́ lé afẹ́fẹ́ tó ń mú búréèkì rọ̀ kúrò nínú rẹ̀, Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ní ń jókòó sórí àga dírẹ́bà. Ògúnmọ́dẹdé a wà lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà, a kígbe: "Tẹ̀ ẹ́!"

Àwẹ̀ró a ní: "Ó ti délẹ̀, baálé mi!"

Ọkọ rẹ̀ a tú nọ́ọ̀tì, afẹ́fẹ́ a sá jáde, òun a dì í padà. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, Ògúnmọ́dẹdé kò sì ka ẹsẹ̀ yẹn mọ́ iṣẹ́ rí.

Àwẹ̀ró kú. Wọ́n sin ín sí abúlé bàbá rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè. Ògúnmọ́dẹdé ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tíṣà Ọlátẹ́jú, aládùúgbò rẹ̀, wá kí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbọ́ "Mo wà dáadáa" láti inú ilé. Bẹ́ẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ ẹni tó wà dáadáa kì í hu ewú.

Nígbà tó pé ọdún kan, ó kó sìmẹ́ńtì tí yóò fi rẹ́ ojú oórì sẹ́yìn jíìpù. Àwọn àna ti ń retí rẹ̀. Àfi bí búréèkì ṣe rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Láìsí búréèkì, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Òkè-Àgbàrá, ó fẹ́ lọ bá ìyàwó rẹ̀ gbé níbẹ̀ ni.

Ó gbé òkúta lé búréèkì, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Òkúta yí ṣubú, afẹ́fẹ́ padà wọlé. Ó fi igi tì í, igi yọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹfà, àárẹ̀ mú un, kò sì mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ kígbe bíi ti àtijọ́: "Tẹ̀ ẹ́!"

Adìẹ kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó lábẹ́ ọkọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ògúnmọ́dẹdé gbé sípánà lé àyà, omijé ń ṣàn wọ̀ ọ́ létí.

"Ta lò ń pè?" Tíṣà ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọgbà.

"N kò pe ẹnikẹ́ni."

"Ẹni tí o kò pè yẹn, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń tẹ̀ ẹ́ ni, àbí òsì?"

Ògúnmọ́dẹdé nu etí rẹ̀. "Ọ̀tún ni. Bọ́ bàtà rẹ kí o tó wọnú ọkọ̀."

"Bàtà mi kẹ̀? Nínú àgò adìẹ yìí?" Ṣùgbọ́n Tíṣà bọ́ ọ, ó jókòó sórí àga dírẹ́bà.

"Tẹ̀ ẹ́!"

"Ó ti délẹ̀!" Bí ẹni ń jágbe mọ́ ọmọ iléèwé ló ṣe wí i. Kò jọ ohùn Àwẹ̀ró rárá. Síbẹ̀, afẹ́fẹ́ jáde.

Nígbà tí búréèkì le tán, Tíṣà sún sí àga kejì. Ògúnmọ́dẹdé dúró, ó ń wò ó.

"Àga yẹn ní ẹni tó ni ín."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí sìmẹ́ńtì tó gbẹ lójú oórì, Tíṣà, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bí aago iléèwé, ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún àwọn àna, ìròyìn náà sì bá wọn gòkè padà. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn àgbà Òkè-Àgbàrá bá rí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tó ní òun wà dáadáa, wọn a mi orí, wọn a ní: Ẹni tó wà lábẹ́ mọ́tò kì í tẹ búréèkì.