Ẹtu Béèrè Ẹ̀ṣẹ̀ Rẹ̀

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ mi, àlọ́ mi dá lórí Ẹtu. Ẹkùn tó jọba fi ọgbà yí odò ká. Ẹtu ní gbogbo ẹranko ló ni omi. Ni wọ́n bá tì í mọ́ inú ihò àpáta láìgbẹ́jọ́ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ẹkùn ránṣẹ́ pé kó tọrọ àforíjì, kó máa lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ẹtu fèsì pé: "Ẹ kọ́kọ́ sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi." Àárò ọmọ rẹ̀ ń sọ ọ́, ó ń kọrin, ẹ bá mi gbè é:

Kí ni mo ṣe o?
Tẹ́rẹ́nà.
Ta ló dá mi lẹ́jọ́?
Tẹ́rẹ́nà.

Gbogbo igbó ń gbè é. Ìkookò tó ń ṣọ́ ọ lọ bá ọba: "Kábíyèsí, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀?" Ẹkùn kò rí nǹkan sọ. Ìkookò padà, ó ṣílẹ̀kùn ihò náà fún Ẹtu.

Ẹtu ti rù kan eegun. Nígbà tó délé, ọmọ rẹ̀ kò dá a mọ̀, àfi ìgbà tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti kúrò lọ́dọ̀ wọn.