Ìdí Tí Àwọn Èèrà Inú Kọ̀ǹpútà Kì í Fi í Fo Yàrá Òfìfo

Nígbà láéláé, kí kọ̀ǹpútà tó di ohun tí àwọn òbí yín ń gbé pa mọ́ fún yín, ìlú kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Ìrántí. Òpópó kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú náà. Yàrá ló tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nọ́ńbà sì wà lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan.

Ní Ìrántí, ohun tí wọ́n bá fi ẹfun kọ sára ògiri yàrá ni àṣẹ yàrá náà. Bí ògiri bá ní kí o sùn, o sùn nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń bá ògiri jiyàn.

Àwọn èèrà ni òṣìṣẹ́ ìlú. Gbólóhùn méjì péré ni wọ́n gbọ́ dáadáa: "Wo ti ibí" àti "Kọ ọ́ sí ibẹ̀." Odídẹrẹ́ ni ògbufọ̀. Bí ará ìlú bá sọ̀rọ̀ ńlá, òun ni yóò gé e sí wẹ́wẹ́ kó tó sọ ọ́ fún àwọn èèrà. Láti ìgbà tó ti gba iṣẹ́ náà ni orí ti ń fọ́ ọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Adìyẹ sáré wọlé.

"Ògbufọ̀, ẹ gbà mí! Orí ilẹ̀ àyálò ni agboolé wa wà. Lọ́la tí oòrùn bá wọ̀, Ìjì, agbálẹ̀ ìlú, ń bọ̀ wá gbá a. Wọ́n ti fún wa ní yàrá mẹ́rin mìíràn nísàlẹ̀ òpópó, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lára ògiri wọn. Ẹyin kan ṣoṣo ló sì kù fún mi láyé o."

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Kí agboolé tuntun rí bíi ti àtijọ́."

"Ó tán?"

"Ó tán. Àbí ó le ni?"

Odídẹrẹ́ dijú. Gbólóhùn kan! Ó kúkú rọrùn lẹ́nu adìyẹ.

Ó lọ wo agboolé àtijọ́. Yàrá kìíní jẹ́ ti Ìyá Adìyẹ: "Máa tọ́jú ará ilé." Yàrá kejì kò lẹ́nì kan, ẹni tó kọ́ ilé ló fi í sílẹ̀ kí yàrá lè pé mẹ́rin, nítorí mẹ́rin-mẹ́rin ni àwọn èèrà ń ka ìgbésẹ̀ wọn. Ìkẹta jẹ́ ti Àkùkọ: "Jí ìlú ní ìdájí." Ìkẹrin ni Ẹyin wà: "Ẹ sàba lé mi."

Ṣùgbọ́n yàrá kejì yẹn kò mọ́. Ayálégbé àtijọ́ kan, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ti kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri rẹ̀ pé: IMÚ ODÍDẸRẸ́ DÀ BÍ ÌWỌ̀ ẸJA.

Odídẹrẹ́ kà á. Ó tún un kà. Ó wá gbẹ́sẹ̀ sókè, ó fi kan imú rẹ̀.

Ó pe àwọn èèrà. "Ẹ wo ti yàrá kìíní, ẹ kọ ọ́. Ẹ fo èkejì, kò sẹ́ni níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ti Àkùkọ, kó tó kan ti Ẹyin."

"Fo?" ni Ọ̀gá Èèrà wí. "Kí ló ń jẹ́ fo, ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹ má wò ó ni mo wí!"

"Kí a má wò ó. A gbọ́."

"Ẹ ṣeun. Ẹ máa lọ, kí n tó ya wèrè."

Wọ́n lọ. Wọ́n wo ti kìíní, wọ́n kọ ọ́ sí kìíní. Wọn ò wo èkejì. Wọ́n wo ti Àkùkọ, wọ́n kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà tó kàn nílé tuntun, ìyẹn yàrá òfìfo. Ti Ẹyin wá bọ́ sí yàrá Àkùkọ. Ìgbà tí wọ́n dé yàrá Ẹyin, ọ̀rọ̀ ti tán. Wọ́n gbọnwọ́, wọ́n lọ sílé. Lálẹ́, àwọn ará ilé kó lọ sí agboolé tuntun.

Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó jí. Yàrá òfìfo ni wọ́n ní kó jí ìlú, yàrá òfìfo ò sì lẹ́nu. Oòrùn ti kan àtàrí nígbà tí Odídẹrẹ́ gbọ́ igbe láti ilé Ìyá Adìyẹ.

Ó bá Ìyá Adìyẹ níbi tó ti sàba lé ọkọ rẹ̀ lórí. Ogbe Àkùkọ nìkan ló yọ síta.

"Ìyá Adìyẹ, kí lẹ ń ṣe?"

"Ògiri ló ní kí n sàba lé e."

"Ọkọ yín ni!"

"Mo mọ̀ pé ọkọ mi ni. Ẹ wo ògiri."

"Ògbufọ̀," ni ohùn kan wí lábẹ́ rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ó wúwo."

Ìyá Adìyẹ wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ bá mi wo ọmọ mi. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ògiri rẹ̀ ò pè mí."

Odídẹrẹ́ wọ yàrá kẹrin. Ẹyin wà lórí ilẹ̀ lásán, ara rẹ̀ ti ń tutù. Odídẹrẹ́ gbé etí lé e. Nǹkan kan ṣì ń kàn nínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

Ó fò lọ bá àwọn èèrà. "Ta ló ní kí ẹ kọ ti Àkùkọ sí yàrá òfìfo?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi?"

"Ẹ ní kí a má wo èkejì. Ẹ ò ní kí a má kọ sí èkejì."

Odídẹrẹ́ yíjú wo òpópó.

Oòrùn ti ń wọ̀. Ìró ìgbálẹ̀ Ìjì ti ń bọ̀ láti ìpẹ̀kun òpópó. Odídẹrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń fo yàrá.

"Ṣé a ó fo ti ibí ni, àbí ti ọ̀hún, àbí méjèèjì?" ni Ọ̀gá Èèrà bi í. "Báwo la ó ṣe mọ̀ pé òfìfo ni, nígbà tí ẹ ní kí a má wò ó?"

Ìgbálẹ̀ túbọ̀ ń sún mọ́ wọn. Odídẹrẹ́ rántí ohun tó wà lára ògiri yàrá kejì. Ó rántí ohun tó ń kàn nínú Ẹyin.

"Ó dáa," ló wí. "Láti ẹnu ọ̀nà yìí dé ẹnu ọ̀nà yẹn, mẹ́rin ni. Ẹ wo àkọ́kọ́, ẹ kọ ọ́ sí àkọ́kọ́. Ẹ wo èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ kọ ọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ má bi mí pé ta ló ń gbébẹ̀. Ohun tí ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́."

"Ti èkejì náà?"

"Mo ní ohun tí ẹ bá rí!"

"Èyí tó sọ̀rọ̀ imú yín?"

"Ẹ lọ!"

Wọ́n ṣe é tayọ̀tayọ̀, ẹfun tuntun sì bo ti àná mọ́lẹ̀. Kò sí iṣẹ́ tó dùn mọ́ èèrà bí èyí tí kò gba ìrònú. Bí wọ́n ṣe kọ ti ìkẹrin tán ni Ìjì gbá agboolé àtijọ́ lọ ráúráú. Ìyá Adìyẹ fò kúrò lórí ọkọ rẹ̀, ó di orí Ẹyin. Àkùkọ gbọn ìyẹ́, ó sì kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó bá a wí.

Kò pẹ́ tí Ẹyin fi pa, ọmọ sì jáde. Ó kọ́kọ́ rìn wọ yàrá kejì, ó padà wá.

"Ìyá, ṣé lóòótọ́ ni pé imú ògbufọ̀..."

"Dákẹ́, ọmọ mi. Ó ń gbọ́."

Láti ọjọ́ náà ni ó ti jẹ́ pé, bí èèyàn bá kọ ọ́ ní ìlà kan fún kọ̀ǹpútà pé kí agboolé yìí rí bíi tọ̀hún, ògbufọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kì í béèrè orúkọ ará ilé. Ẹnu ọ̀nà ló ń kà. Bí wọn ò bá pọ̀, á fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn èèrà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá pọ̀, á súfèé, ìjàlọ, ọ̀wọ́ èèrà ńlá, á tú jáde, wọ́n á dà á kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yàrá tó lẹ́nì kan àti yàrá òfìfo.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń bá ìkọkúkọ tí ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n kọ nínú àwọn yàrá òfìfo títí dòní. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é ní pàǹtírí. Odídẹrẹ́ kì í dá sí i. Bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, á kàn yí imú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.