Obì Ìsàlẹ̀ Agbọ̀n

Òjò-ńlá-kì-í-tọrọ-àyè-lọ́wọ́-òrùlé, Ìsàlẹ̀-agbọ̀n-ni-òótọ́-ń-sùn, àwọn awo méjèèjì ni wọ́n dífá fún Ọdẹ́tọ́lá ará Aróbìtà, ẹni tí wọ́n ta obì kòkòrò fún nígbà èwe rẹ̀, tí kò sì gbàgbé.

Bí wọ́n ṣe ṣe é fún un nìyí. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ogún tó kàn án kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó bẹ̀rẹ̀ òwò. Ó tọ Ṣówándé lọ, ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò tó mọ ọjà bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́. Ṣówándé ní, "Àbúrò mi, obì ni kó o rà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn èrò òkè yóò máa fi aṣọ àti iyọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún un." Ó tilẹ̀ júwe ọkùnrin tí yóò tà á fún un. Ọdẹ́tọ́lá kó ogún rẹ̀ sílẹ̀, ó yáwó kún un, ó rà á. Nígbà tó tú u, kòkòrò ti lu ú bí ajere. Ó sáré padà lọ bá Ṣówándé. Ṣówándé mi orí. Ó ní, "Orí burúkú kì í wú tuulu. Lọ bọ orí rẹ."

Gbèsè náà ló sọ Bánkọ́lé, àbúrò Ọdẹ́tọ́lá, di ìwọ̀fà lóko ẹni tó yá wọn lówó. Bí Bánkọ́lé bá gbé ọkọ́ kọjá níwájú ilé láàárọ̀, á kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ìkíni yẹn ń dun Ọdẹ́tọ́lá ju èébú lọ. Kò pe ẹjọ́, nítorí kò ní ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n kò kí Ṣówándé mọ́. Wọ́n ní kó gbàgbé. Ẹni tó tà ni í gbàgbé, ẹni tó rà kì í gbàgbé.

Láti ìgbà náà, kò gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni mọ́. Bí wọ́n bá ní kó lọ sápá ọ̀tún, apá òsì ló ń lọ, bí ibẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ kìkì ẹ̀gún. Ó pẹ́ kó tó tún gbérí. Nígbà tó gbérí, obì náà ló tún padà sí. Ó ra gbànja nígbà ìkórè, ó fi ewé gbódógì dì í sínú agbọ̀n, ó kó o kún yàrá.

Lọ́dún náà, obì bẹ̀rẹ̀ sí í gbówó lórí lójoojúmọ́. Ṣówándé ti di Parakòyí, olórí àwọn oníṣòwò gbogbo. Ó dúró lọ́jà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má tà, pé obì yóò ṣì wọ́n jù báyìí lọ. Àwọn obìnrin ń ta iyùn wọn láti fi ra obì. Àwọn àgbẹ̀ tí kò mọ obì tútù yàtọ̀ sí gbígbẹ náà ń rà.

Ọkàn Ọdẹ́tọ́lá pín sí méjì. Bí obì yìí bá tà dáadáa, Bánkọ́lé yóò wá sílé. Bí ó bá bàjẹ́, oko olóko ni Bánkọ́lé yóò darúgbó sí. Bí òun bá tà lónìí, tó bá gbówó lórí lọ́la, òun yóò ge ìka àbámọ̀ jẹ. Bí òun kò bá tà, tí ọjà bá já, ìka náà ni òun yóò tún ge jẹ. Báyìí ni ọjà ṣe ń fi ìbẹ̀rù méjì lé ènìyàn kiri. Ó tọ àwọn awo náà lọ.

Ó ní, "Ṣé obì yóò ṣì wọ́n sí i?"

Àgbà inú wọn ní, "Ifá kò sọ iye tí obì yóò tà. Ẹni tó bá sọ ọ́ fún ọ, wádìí ibi tí èrè tirẹ̀ wà." Wọ́n ní kó rúbọ. Wọ́n ní kó fi ewúrẹ́ kan rú u, àti obì kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́. Wọ́n ní ohun tí kò bá lè fara da àdánù rẹ̀, kí ó má fi sílẹ̀ fún ọjà.

Ojú Ọdẹ́tọ́lá le. "Ẹ̀yin awo, kí lẹ̀yin fẹ́ rí nínú rẹ̀?"

Àgbà náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àwa? A ó jẹ itan ewúrẹ́ yẹn, a ó jẹ orí rẹ̀. A ó jẹ nínú obì náà pẹ̀lú. Ojú rẹ la ó ti jẹ ẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn, ṣé ó sọ tirẹ̀ fún ọ?"

Ọdẹ́tọ́lá wo àwọn àgbà méjèèjì yìí, ó sì wù ú láti gbọ́ tiwọn. Ó ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti ṣe é gbẹ̀yìn.

Ní Aróbìtà, wọn kì í tú agbọ̀n obì nígbà tí ọjà bá ń lọ sókè. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ yóò gbẹ ẹ́, ara rẹ̀ kò ní dán mọ́. Bí agbọ̀n bá ṣe wà nínú ewé ni wọ́n ń tà á lé ara wọn lọ́wọ́. Ọdẹ́tọ́lá kó tirẹ̀ síta, ó ń tú u lọ́kọ̀ọ̀kan. Parakòyí ń kọjá lọ.

"Ọdẹ́tọ́lá, ṣé obì rẹ ń rọbí ni, tí o fi ń tú aṣọ lára rẹ̀?"

Àwọn ará àdúgbò bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ kó bí i níṣojú mi, Parakòyí."

Ó sì bí i lóòótọ́. Kòkòrò wà nísàlẹ̀ agbọ̀n mélòó kan. Ọdẹ́tọ́lá ṣa èyí tó bàjẹ́ dànù, ó pààrọ̀ ewé gbogbo, ó rúbọ. Lẹ́yìn náà, ó ta ìwọ̀n tó lè gba Bánkọ́lé sílẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún ọjà.

Kò pẹ́ tí ó tà á tí obì tún gbówó lórí. Wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Ó dùn ún wọ eegun, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n Bánkọ́lé ti gbé ọkọ́ rẹ̀ wálé.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn èrò òkè kò yà sí Aróbìtà. Wọ́n ti rí ọ̀nà mìíràn tí obì ti pọ̀ bí ewé. Ọjà já wálẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn sáré tú agbọ̀n wọn, eérú tí kòkòrò jẹ kù ni wọ́n bá. Ọdẹ́tọ́lá náà pàdánù lórí ìyókù tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà díẹ̀ tó kù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń lọ, nítorí ó ń tú agbọ̀n lójú wọn. Ọdẹ́tọ́lá ń yin awo, awo ń yin Ifá, Bánkọ́lé ń yin ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó gbé e délé. Ẹni tó gbẹ́bọ tó rú u ló ń jèrè. Ìmọ̀ràn tó bá fi ojú rẹ̀ hàn, ká gbà á, bí ìmọ̀ràn kan tilẹ̀ ti pa wá lẹ́kún rí.

Ó wá ku Parakòyí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Òun náà tọ àwọn awo lọ. Wọ́n ní kó tú ohun tó wà nísàlẹ̀ inú rẹ̀ síta lójú ọjà.

Ó ní, "Ṣé ẹbọ nìyẹn?"

Wọ́n ní, "Ewúrẹ́ rọrùn jù ú lọ, Parakòyí."

Ó kọ̀. Ó ń kọ̀ ọ́ títí òórùn obì rẹ̀ fi ń lé àlejò kúrò nílé rẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà, ó ṣí fìlà, ó dúró níwájú ìsọ̀ Ọdẹ́tọ́lá, ó sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ọdẹ́tọ́lá ní, "Ẹ sọ ọ́ sókè, Parakòyí. Bánkọ́lé wà lẹ́yìn, kò gbọ́."



Ṣówándé gbé ohùn sókè. "Obì tí o rà nígbà èwe rẹ, tèmi ni. Èmi ni mo rán ọkùnrin tó tà á fún ọ. Mo ti rí kòkòrò inú rẹ̀ kí n tó júwe ọkùnrin náà fún ọ. Orí rẹ kò burú, Ọdẹ́tọ́lá. Èmi ni mo ṣe é."