Òógùn Abẹ́ Ìyẹ́
Ìjọba fẹ́ fowó ran ọlọ́sìn tí ara bá tu adìẹ rẹ̀ lọ́wọ́. Láṣebìkan, ọ̀gá olùyẹ̀wò, wọ kóòtù dé ọgbà adìẹ Màmá Adùnbárin, ó ní: “Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ẹ fi hàn mí pé tiyín ò làágùn, ẹ má sì tu ìyẹ́ kankan.” Màmá gbé àga fún un sáàárín adìẹ nínú ilé wọn lọ́sàn-án gangan, ó ní kó máa ṣọ́ wọn. Atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé, kò pẹ́ tí ọ̀gá fi ń hanrun. Nígbà tó jí, Màmá na aṣọ ìnujú sí i: “Ẹ nu òógùn yín.” Ọ̀gá fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó gbẹ. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ kóòtù, ó gbẹ. Ó wo kóòtù, ó wo adìẹ, kò mọ èyí tóun wá yẹ̀ wò mọ́. Màmá ní: “Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ti wo abẹ́ ìyẹ́.”