Bí Ọ̀pọ̀lọ́ Ṣe Yan Ilẹ̀ Òṣùpá Bíi Gàrí

Nígbà láéláé, kí ojú ọ̀run tó gbé ara rẹ̀ sókè réré, orí òkè kan lẹ́yìn odò ni Òṣùpá ń gbé. Ẹni tó bá ní àkàbà lè lọ kí i, kí ó sì padà délé kí ọbẹ̀ tó hó. Òṣùpá kò funfun rárá nígbà náà. Ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó tutù, ó sì rọ̀ bí ilẹ̀ àkùrọ̀.

Lọ́dún kan, òùngbẹ mú Oòrùn. Ó mu odò, ó mu kànga, ó tún mu ìrì orí ewé kókò. Ṣé ẹ rí ọ̀kánjúwà?

Ọ̀pọ̀lọ́, ìyá tó ń yan gàrí létí odò, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Àwọn ọmọ náà kò tíì hu ẹsẹ̀, ìrù ni wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́. Ìyá wọn kó wọn sínú igbá pẹ̀lú ìwọ̀nba omi tó ṣẹ́kù. Bí omi inú igbá yìí bá gbẹ, ọmọ tán nìyẹn. Ẹ̀rù bà á gidigidi.

Ó ké sí aládùúgbò rẹ̀, Àkàn, ẹni tó ń fojú ṣọ́rí. "Àkàn, gbé àkàbà. Ilé Òṣùpá yá!"

Ọ̀pọ̀lọ́ gbé agbada gàrí rẹ̀ lérí, ó gbé igbá ọmọ dání, wọ́n sì gòkè lọ.

"Bàbá Òṣùpá, ẹ kú ìjókòó o," ni Ọ̀pọ̀lọ́ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi àti àwọn ọmọ mi máa gbé lọ́dọ̀ yín. Kò sí omi mọ́ nílé."

Òṣùpá rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Àlejò kì í sábà yà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ o jàre! Ṣùgbọ́n n kò ní odò, n kò ní kànga. Inú erùpẹ̀ ni omi mi wà, bó sì ṣe pọ̀ tó, èmi pàápàá ò mọ̀. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí o fi díwọ̀n ìyókù. Bó bá tó yín, ilé yín nìyí. Ẹ̀kúnwọ́ kan péré o!"

Ha! Iṣẹ́ Ọ̀pọ̀lọ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń fọwọ́ tẹ ẹ̀gẹ́ tútù, tó sì ń sọ bí omi inú rẹ̀ ṣe tó!

Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á sínú agbada, ó dáná, ó sì fi ìdérí bò ó. Nígbà tó ṣí i, omi ń kán tó, tó, tó lára ìdérí.

"Omi rèé! Omi wà!" Ọ̀pọ̀lọ́ fò sókè, ó jó, ó jùdí. Àwọn ọmọ inú igbá náà ń ju ìrù.

"Ìyá Gàrí, ẹ má tíì jó," ni Àkàn wí. "Abẹ́ òjìji lẹ ti bu tiyín. Ẹ jẹ́ ká bu ti ibi tí oòrùn ń pa."

Wọ́n bu ìyẹn. Kò kán rárá.

"Ẹ rí i? Kò sí omi!"

"Omi wà!"

"Kò sí!"

"Ó wà, olójú kòǹgbà!"

Bí àríyànjiyàn ṣe dé nìyẹn o. Àkàn gbẹ́ ihò kan láti fi jàre, erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tutù. Ó gbẹ́ òmíràn, ìyẹn gbẹ táútáú. Ó gbẹ́ sọ́tùn-ún, ó gbẹ́ sósì. Ta ló tún rántí ẹ̀kúnwọ́ kan?

"Ẹ rọra o!" ni Òṣùpá ń ké, tó ń rẹ́rìn-ín. "Ìhà mi ń yún mi!"

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìwà àwọn tó ń yan gàrí. Bí agbada bá ti gbóná, tí èéfọ́ igbá sì ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ọwọ́ náà kì í dúró mọ́, àfi tí gàrí bá gbẹ. Gàrí tí kò gbẹ yóò bu, ìtìjú sì ni fún ẹni tó yan án. Ó yẹ kí Ọ̀pọ̀lọ́ wo ẹ̀kán omi, kí ó sì dá iná dúró. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ìyẹn. Ó gbé ìdérí jù sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, orin sì bọ́ sí i lẹ́nu:

"Yan án, yan án, kó má bu!"

Àkàn ń gbè é: "Ṣàrà!"

"Rò ó, rò ó, kó gbẹ dan!"

"Ṣàrà!"

Àkàn ń gbẹ́, ó ń da erùpẹ̀ sínú agbada, Ọ̀pọ̀lọ́ ń yan, ooru omi ń rú sókè. Orin dùn débi pé Òṣùpá alára ń mi orí. Ilẹ̀ dúdú ń di eérú níṣojú wọn, kò sí ẹni tó rí i.

Níkẹyìn, Ọ̀pọ̀lọ́ fi ìka pa erùpẹ̀ náà wò, inú rẹ̀ dùn. "Ó gbẹ! Ó kúnná! Eléyìí ò lè bu láé!"

Ẹnu rẹ̀ wá là sílẹ̀. "Yéè! Omi tí mò ń wá ni mo yan dànù!"

Ìgbà náà gan-an ni Oòrùn gbọ́ òórùn ooru náà. "Ta ló ń se nǹkan tó ń ta sánsán báyìí?" Ó ya ẹnu, ó ń bọ̀.

Òṣùpá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó kó ìwọ̀nba omi tó kù, ó fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àwọn ihò Àkàn tó jìn jù, níbi tí ojú Oòrùn kò lè dé. Ó sì sá lọ sókè, ó sá títí ó fi kéré lójú.

Agbada dojú dé, erùpẹ̀ gbígbóná ta sí ẹ̀yìn Ọ̀pọ̀lọ́. Òun, Àkàn àti igbá já bọ́ sínú odò gbígbẹ, igbá sì fọ́. Àwọn ọmọ ń jà pìtìpìtì lórí ẹrẹ̀ tó ti sán.

"Ọmọ mi o!" Ọ̀pọ̀lọ́ ń sunkún, ó fi ara rẹ̀ ṣíji bò wọ́n.

Tó! Nǹkan tútù kán sí i lẹ́yìn. Tó! Tó! Ooru omi tó ti yan dànù ti di ìkúùkù lókè. Òjò sọ̀ kalẹ̀ wàà, odò kún, àwọn ọmọ sì lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀lọ́ ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Ó gbójú sókè. "Bàbá Òṣùpá, ẹ ṣé o! Ẹ̀yin ńkọ́? Omi èló ló kù fún yín?"

Òṣùpá ti jìnnà. Kò gbọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ihò ti wà lójú Òṣùpá, tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ bí eérú, tí omi rẹ̀ sì fara pamọ́ síbi tí Oòrùn kò lè rí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe tó, àfi kí ó bu díẹ̀ fi díwọ̀n púpọ̀, kí ó sì múra sílẹ̀ fún àríyànjiyàn. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́ ti rí ṣákiṣàki, tí àkàn kò sì yéé gbẹ́ ihò.

Bí òjò bá sì rọ̀, tí odò kún, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Tìyá tọmọ ni ọ̀pọ̀lọ́ ń gbójú sókè, tí wọ́n ń pariwo bi Òṣùpá pé omi èló ló kù. Ẹni tó fi omi ara rẹ̀ gba ọmọ wọn là ni, wọn kò sì ní dákẹ́ títí yóò fi dáhùn.