Bàbá Oníwèé àti Iná Ààfin Ìrádè

Ogun kó Fìlípì Òjédélé nígbà tí kò tíì lè dá okùn ṣòkòtò ara rẹ̀ so. Wọ́n tà á dé etí òkun, ọkọ̀ gbé e lọ, àwọn Òyìnbó tí ń lé àwọn olówò ẹrú sì gbà á sílẹ̀ lójú omi, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí Sàró. Ibẹ̀ ló ti di onígbàgbọ́, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ Fìlípì, ibẹ̀ náà ló ti kàwé débi pé ó gbọ́ èdè Hébérù àtijọ́ ju èdè ìyá rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó fi máa padà sílẹ̀ Yorùbá, irun ti ń funfun lórí rẹ̀. Orí bá a ṣe é, ó bá ìyá rẹ̀ láàyè. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jọ jẹun, ó di ojú, ó fi èdè Òyìnbó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá wò ó títí.

“Ọmọ mi, ta lò ń bá sọ̀rọ̀ tí èmi ò gbọdọ̀ gbọ́?”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Fìlípì lákínyẹmí ara. Ìyá kú kí ọdún tó yí po, ọmọ sì jẹ́jẹ̀ẹ́ lẹ́bàá sàréè pé òun yóò túmọ̀ àwọn orin inú Ìwé Mímọ́ sí Yorùbá kí òun náà tó kú, kí ìyá ẹlòmíràn má baà béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìlú Ìrádè ló fìdí kalẹ̀ sí láti ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ikán Ìrádè ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìwé mímọ́ àti igi ọgbà. Kí òjò àkọ́kọ́ tó dá, wọ́n ti jẹ apá kan nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ni Onírádè, ọba ìlú náà, bá ní kó máa bọ̀ láàfin. Ó ní lókè àjà ilé ìdáná, níbi tí wọ́n ń kó àgbàdo irúgbìn sí kí èéfín lè lé kòkòrò, ni kó máa kó ìwé rẹ̀ sí.

“N ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ,” ni ọba wí. “Ohun kan ni mo fẹ́. Ohunkóhun tí o bá kọ lóòjọ́, bí oòrùn bá ti rọ̀, wá kà á sétí wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. A ò lè máa bá ọ̀rọ̀ gbé inú ilé kan náà ká má mọ ohun tó ń wí.”

Fìlípì gbà, àmọ́ kò dùn mọ́ ọn. Ojoojúmọ́ ló ń kàwé fún ọba, àwọn olorì, àwọn ìjòyè àti ẹnikẹ́ni tó bá wá jókòó. Yorùbá rẹ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó gan bí awọ tí wọ́n sá sóòrùn. Efúnyẹlá, olorì kan tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ló sọ ọ́ jáde.

“Bàbá Oníwèé, ọ̀rọ̀ yín dára o. Àmọ́ eegun pọ̀ nínú ẹja yìí. Ẹ jẹ́ ká bá yín yọ díẹ̀.”

“Olorì, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. A kì í yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀.”

“Ta ló ní ká yọ ti Ọlọ́run? Eegun tiyín ni mo ní ká yọ.”

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Fìlípì ò rẹ́rìn-ín, kò sì yí ìlà kan padà. Ẹ kúkú mọ agídí ọ̀mọ̀wé.

Báyìí ni iṣẹ́ ń lọ lọ́dún dé ọdún, títí ó fi ku díẹ̀ kó parí. Ojú Fìlípì ti ń ṣú, ó sì mọ̀ pé òun ò lókun láti tún irú rẹ̀ ṣe mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, gbogbo ìlú ti lọ sóko. Fìlípì fi ìwé Hébérù rẹ̀ há abíyá, ó lọ wo aláìsàn kan ní òdìkejì odò. Láwọyin, ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ ọba, ni wọ́n fi ṣọ́ ààfin. Láwọyin jẹun yó, ó fẹ̀yìn ti ògiri, oorun gbé e lọ. Àwọn kan ń sun pápá lẹ́yìn odi. Ẹ̀ta iná kan bá afẹ́fẹ́ wọ̀lú, ó bà sórí òrùlé koríko. Kí Láwọyin tó lajú, iná ti gba orí ilé ìdáná. Èéfín ni Fìlípì rí tó fi sáré dé. Àwọn ọ̀dọ́ ló dì í mú tí kò fi kó sínú iná.

“Ẹ fi mí sílẹ̀! Ẹ̀mí mi ló wà lókè àjà yẹn!”

Àjà náà ló kọ́kọ́ wó. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ààfin àwọn baba ńlá Onírádè ti di ògiri dúdú. Ọ̀tún, ìjòyè àgbà, bọ́ síwájú ọba.

“Kábíyèsí, láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ààfin yìí ò jó rí. Ìwé àjèjì yìí ló fa iná.”

“Ọ̀tún, a mọ àwọn tó sun pápá. Ìwé yìí ló tún kọ́kọ́ jó. Ṣé ẹni tó fẹ́ dáná sunlé máa ń fi ara rẹ̀ ṣe igi ìdáná?”

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Fìlípì di ẹrù rẹ̀, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún ọba.

“Kábíyèsí, mo fẹ́ máa lọ sí Èkó, kí n lọ dúró de ikú. Iṣẹ́ mi ti di eérú.”

“Ilé ta ló jó, tèmi àbí tìrẹ?”

“Tiyín ni, Kábíyèsí.”

“Ṣé o rí i kí n máa di ẹrù? Dúró kí n kọ́lé tán ná.”

A kì í bá ọba jiyàn. Fìlípì sọ ẹrù kalẹ̀, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ti bá ọ̀nà lọ. Abẹ́ igi ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, kò fọwọ́ kan kálàmù.

Gbogbo àdúgbò jáde láti kọ́ ààfin. Ọkùnrin ń fẹsẹ̀ po amọ̀, obìnrin ń pọnmi. Láwọyin wà láàárín wọn, kò gbórí sókè láti ọjọ́ iná. Efúnyẹlá ṣíjú wò ó, àpárá yún un lẹ́nu, ló bá dá orin:

“Aṣọ́lé ọba tòògbé, iná wọlé!
Aṣọ́lé tèmi kì í tòògbé,
Ọ̀sán kì í rẹ̀ ẹ́, oorun kì í kùn ún,
Ojú rẹ̀ ń bẹ lára mi.”

Àwọn obìnrin gbè é pẹ̀lú ẹ̀rín. Fìlípì dìde fùú, fìlà rẹ̀ já bọ́.

“Olorì, níbo lẹ ti rí orin yẹn?”

“Ẹnu yín náà ni, Bàbá. Àfi ìlà àkọ́kọ́. Ìpín Láwọyin nìyẹn.”

“Bí mo ṣe kọ ọ́ kọ́ nìyẹn.”

“Bó ṣe bá ẹnu wa mu nìyẹn.”

Fìlípì yanu láti tọ́ ọ sọ́nà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, àmọ́ ó tún jókòó. Ó ṣí ìwé Hébérù, ó wò ó, ó sì rọra fi ohùn kékeré tún orin náà kọ. Ìtumọ̀ ò dín, kò sì lé, ṣùgbọ́n eegun ti kúrò nínú ẹja. Ó wá hàn sí i pé bí ìyá òun bá wà láàyè, èyí ni ìbá bá òun kọ, kì í ṣe èyí tó jó. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún orin náà kọ fún mi,” ló wí, ó sì mú kálàmù.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn tó ti ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ń mú èyí tí wọ́n rántí wá. Ọ̀tún fúnra rẹ̀ mú odindi orin ogun kan wá. Ó ní òun kàn ṣèèṣì rántí rẹ̀ ni. Àgbẹ̀ kan ti fi ẹ̀gúsí oko rẹ̀ kún orin ìkórè; Fìlípì rẹ́rìn-ín, ó yọ ẹ̀gúsí, ó fi ọkà sílẹ̀. Ibi tí kò sẹ́ni tó rántí, ó tún un túmọ̀, àmọ́ ó ń bi wọ́n léèrè kó tó kọ ọ́.

Láwọyin ló wá kẹ́yìn, nígbà tí àwọn yòókù ti lọ. Ó dúró, ó ka orin ẹni tó ṣẹ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ọ̀rọ̀ kan.

“Láti ọjọ́ tí ilé ti jó ni mo ti ń sọ ọ́. Bàbá, ṣé Ó ń gbọ́ irú tèmi?”

“Ó ń gbọ́ ọ, Láwọyin. Ó sì ti gbọ́.”

Lọ́jọ́ kejì Fìlípì bẹ Efúnyẹlá pé kó yọ ìlà àkọ́kọ́ nínú orin rẹ̀. “Eegun ni,” ló wí. Efúnyẹlá rẹ́rìn-ín, ó sì yọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n ṣílé, ojú rí nǹkan. Òrùlé ààfin àtijọ́ kúrú, inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Èyí ga, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gbòòrò, àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì ti gbẹ́ òpó tirẹ̀ wá, wọ́n ń bára wọn díje. Fìlípì bọ́ síwájú láti kàwé. Kó tó ka ìlà kan parí, ogunlọ́gọ̀ ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọba jẹ́ kí ariwo rọlẹ̀.

“Bàbá Oníwèé, ilé ti parí. Ọ̀nà Èkó ṣí sílẹ̀.”

“Kábíyèsí, ìwé nìkan ni yóò lọ, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́. Èmi ò lọ síbì kankan.”

“O ò sunkún èyí tó jó mọ́?”

Fìlípì wo àwọn òpó, ó wo àwọn ènìyàn, ó mirí. “Bí ẹ bá dá a padà fún mi lónìí, Kábíyèsí, n ò ní gbà á.”

Ìrádè ló kú sí, lẹ́yìn tó ti rí ìwé náà ní títẹ̀, orin rẹ̀ ni wọ́n sì fi sin ín. Títí dòní, bí àdánù bá bá ẹnìkan tí ohun tó rọ́pò rẹ̀ sì sàn jù ú lọ, ohun tí àwọn àgbà fi ń tù ú nínú ni pé: ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.