Aago Ẹnu Ọ̀nà Ìyá Agbẹ̀bí

Ní Ẹsẹ̀-Ọ̀sà, ìlú tí ìkùukùu kì í kúrò lójú rẹ̀ bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, Làníhùn ni wọ́n ń gbé rédíò àti aago tó bá bàjẹ́ lọ bá. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ó pẹ́ tí òun àti Motúnráyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ti ń wá ọmọ. Nígbà tí oyún wá dúró, inú rẹ̀ dùn débi pé kò jẹ́ kí obìnrin náà gbé garawa omi mọ́.

Lásìkò náà ni Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, àgbà agbẹ̀bí ìlú, gbé aago ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wá fún un. Ilé Ìyá jìn sínú, etí rẹ̀ sì ti ń wúwo. Aago yìí ni àwọn aláboyún ń tẹ̀ ní géètì kó tó mọ̀ pé ẹnì kan dé. Wáyà kan ló já lórí pánẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀. Làníhùn fi ọ̀rá tí ń jẹ́ kí léèdì gbá irin mú sí ojú ibẹ̀, ó jó léèdì lé e, iṣẹ́ parí.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé ọ̀rá yẹn ní iyọ̀ nínú, kó máa fi tínà, omi tí àwọn akunlé fi ń fọ ọ̀dà, àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́ kúrò kó tó dé ohunkóhun pa. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ẹsẹ̀-Ọ̀sà ní àṣà tiwọn. Wọ́n á tú ẹ̀yìn ohun tí wọ́n gbé wá wò, bí wọn kò bá rí ibi tó ń dán, wọ́n á ní ẹ kò fọwọ́ kàn án. Làníhùn ti bá wọn jiyàn títí ó fi sú u. Ó fi ọ̀rá náà sílẹ̀ kó máa dán bí oyin. Ìyá tú u wò, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàdúrà pé Motúnráyọ̀ yóò bí tibi tire.

Òjò kò tíì pọ̀ tí aago fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún nírọ̀lẹ́ láìsí ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá á sáré jáde, á bá ẹrẹ̀ iwájú géètì tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní sí ojú ẹsẹ̀ kan níbẹ̀. Bó bá ti wọlé, yóò tún dún, yóò sì fà gùn bíi pé ẹni tí ìrọbí mú ló gbé ara lé e. Ìyá rántí obìnrin kan tó kú ní géètì yìí nígbà kan rí kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Àwọn àgbà àdúgbò ní kó má dáhùn mọ́ bílẹ̀ bá ti ń ṣú, nítorí a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí. Ìyá wá kéde pé kí aláboyún tó bá dé lásìkò bẹ́ẹ̀ máa ké orúkọ ara rẹ̀ sókè. Ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀bù Làníhùn. Òun náà gbà á gbọ́, ó ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà, ó tilẹ̀ ń fi iyọ̀ sí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí òjò ń ya bọ̀, ni ìrọbí mú Motúnráyọ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Làníhùn fi apá gbé e dé géètì Ìyá, ó tẹ aago. Kò sẹ́ni tó yọjú. Ó tẹ̀ ẹ́ títí. Ó ké orúkọ ìyàwó rẹ̀, ariwo òjò lórí páànù gbé e mì. Nígbà tí òjò dẹwọ́ díẹ̀, ó gbọ́ ohùn Ìyá láti inú yàrá, tó ń gbọ̀n.

“Mo bẹ̀ ọ́, padà síbi tí o ti wá. Èmi kọ́ ni mo pa ọ́.”

“Ìyá, Làníhùn ni. Túnráyọ̀ ni mo gbé wá.”

Òjò tún ti ya bo ohùn rẹ̀. Bó ṣe ń tẹ aago tó ni Ìyá ń sá wọ inú lọ tó. Nígbà tí aládùúgbò kan fo ògiri wọlé lọ pe Ìyá jáde, ọmọ ti bọ́ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Kò ké. Wọ́n gba ẹ̀mí ìyá rẹ̀ là, wọn kò rí tirẹ̀ gbà. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún jókòó sínú omi, ó ń sunkún. “Túnráyọ̀, ọmọ mi,” ló ń wí, “ìwọ ni mò ń lé.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Làníhùn jókòó ti ìyàwó rẹ̀ nílé Ìyá. Òjò winniwinni ń rọ̀, wọ́n sì ti ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu. Aago dún. Gbogbo wọn wo òde, kò sẹ́nì kan. Làníhùn dìde, ó tú aago náà. Lábẹ́ ibi tó ń dán, ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti rìn láti ojú irin kan dé èkejì. Ọ̀rá tó fi sílẹ̀ ti ń fa omi inú ìkùukùu mọ́ra, omi náà sì ń la ọ̀nà fún iná, bíi pé ọwọ́ kan ń tẹ bọ́tìnnì.

Ìyá bi í pé kí ló rí.

“Ọwọ́ mi ni, Ìyá,” ni ó dáhùn. “Ọwọ́ mi ló ń tẹ̀ ẹ́.”

Ó bu tínà, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó fọ ojú pánẹ́ẹ̀lì náà títí kò fi dán mọ́. Láti ọjọ́ náà, aago kò dún láìsí ènìyàn mọ́. Àwọn ará Ẹsẹ̀-Ọ̀sà ṣì ń tú ẹ̀yìn ohun tí wọ́n bá gbé lọ ṣe, àmọ́ ìka ni wọ́n fi ń kàn án wò báyìí. Bó bá lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n á dá a padà. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ibẹ̀ fi ń pa á lówe pé ohun tí oníṣẹ́ kò bá nù kúrò lójú iṣẹ́ ní í tilẹ̀kùn mọ́ oníṣẹ́ síta.